Ẹ jẹ́ ká mọ̀: Nígbà tí ẹrú ń sá wá sí Èkó

Ní 1851, àlùfáà Àjàyí Crowther, tí wọ́n kó lẹ́rú ní Òṣogùn tí wọ́n sì tà gba Èkó kọjá, ro ẹjọ́ òwò ẹrú Èkó fún Ọbabìnrin Victoria. Ní December ọdún yẹn, ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì lé Kòsọ́kọ́, ọba Èkó, lórí oyè. January 1, 1852, Akitóyè, tí wọ́n fi jọba dípò rẹ̀, fọwọ́ sí ìwé pé òwò náà dópin. Àánú nìkan kọ́ ló sún àwọn Gẹ̀ẹ́sì ṣe é o, ọjà epo pupa wà ńbẹ̀.

Wàhálà lórí ẹrú tó ń sá gan-an bẹ̀rẹ̀ ní August 1861, tí Èkó di ti Gẹ̀ẹ́sì. Òfin wọn kò gba ẹrú níní, ni ẹrú tó wà lọ́wọ́ àwọn Ìjẹ̀bú àti Ẹ̀gbá bá ń sá wá. Inú bí àwọn olówó wọn. Glover, tó ń ṣàkóso Èkó, sọ àwọn Haúsá tó wà lára ẹrú tó sá wá di ológun. Ní March 1865, wọ́n wà lára àwọn tó tú Ẹ̀gbá tó dó ti Ìkòròdú ká, ìlú tí ẹ̀yin ará Kétu àti Mile 12 ń wọ dánfó lọ lónìí.

Síbẹ̀, nínú Èkó fúnra rẹ̀, àwọn aláṣẹ Gẹ̀ẹ́sì ń mójú kúrò lára ẹrú inú ilé àwọn olóyè àtàwọn oníṣòwò ńlá.