Ṣé O Mọ̀? Píà Là sí Méjì, Síbẹ̀ Kì í Ṣe Ẹbí Ẹ̀wà

Ṣé o mọ̀ pé ẹni tó ń bó ẹ̀wà àkàrà ń fọwọ́ kan ìyàtọ̀ tí wọ́n fi ń pín àwọn ewéko olódòdó? Bí èèpo bá ti bọ́, ẹ̀wà á là sí abala méjì. Ewé àkọ́kọ́ rẹ̀ ni abala méjèèjì, oúnjẹ ọmọ irúgbìn ló sì kún inú wọn. Gbìn ín, wàá rí i tí wọ́n á jọ yọrí láti inú ilẹ̀. Àgbàdo kì í là bẹ́ẹ̀. Ewé àkọ́kọ́ kan ṣoṣo ló ní, abẹ́ ilẹ̀ ló sì ń wà. Èyí tó ń yọ ṣóńṣó bí abẹ́rẹ́, àwọn ewé mìíràn ló ká jọ sínú rẹ̀.

Ṣé o mọ̀ pé John Ray, ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ti gbé ìpín yìí jáde nínú ìwé lọ́dún 1682? Eléwé kan: àgbàdo, ìrẹsì, iṣu, ọ̀gẹ̀dẹ̀, àlùbọ́sà, ọ̀pẹ. Eléwé méjì: ẹ̀wà, ẹ̀gẹ́, ata, ilá, obì, ìrókò.

Ka ewé òdòdó wọn. Mẹ́ta tàbí mẹ́fà ló wọ́pọ̀ lára eléwé kan. Ti ilá, márùn-ún ni. Iṣan ewé àgbàdo tò gbọọrọ láti ìdí dé orí, ti ẹ̀gẹ́ ya ẹ̀ka wọnú ara wọn. Ṣùgbọ́n má fi iṣan nìkan ṣèdájọ́: eléwé kan ni iṣu, síbẹ̀ ewé rẹ̀ fẹ̀, iṣan rẹ̀ sì so kọ́ra.

Ṣé o mọ̀ pé bí a bá bó èèpo ìdí ìrókò yípo, kíkú ni yóò kú, ṣùgbọ́n ọ̀pẹ lè yè é? Abẹ́ èèpo ni oúnjẹ ń gbà láti ara ewé lọ sí gbòǹgbò ìrókò. Nínú ọ̀pẹ, àwọn ọ̀nà oúnjẹ fọ́n káàkiri inú igi. Orí ni ẹ̀mí ọ̀pẹ wà: ojú kan ṣoṣo ló fi ń hù, bí wọ́n bá gé e, ó parí. Ìrókò ń sanra títí ayé rẹ̀. Ọ̀pẹ ti ń sanra tán kó tó bẹ̀rẹ̀ sí í ga.

Ṣé o mọ̀ pé ìpín Ray kò dúró bẹ́ẹ̀ títí? Lọ́dún 1998, àwọn onímọ̀ tó ń ka DNA ewéko gbé ìtò tuntun jáde: eléwé méjì kì í ṣe ẹbí kan. Kóró píà là sí méjì, síbẹ̀ ẹ̀ka ọ̀tọ̀ ni òun, pẹ̀lú èèrù àti iyèré tí lẹ́kulẹ́ja ń tà. Wo òdòdó èèrù: ewé mẹ́fà, mẹ́ta lóde, mẹ́ta nínú, bíi ti eléwé kan gan-an! Lẹ́búlẹ́bú inú òdòdó ló ń tú àṣírí. Ihò mẹ́ta wà lára ti ẹ̀wà, ẹyọ kan wà lára ti àgbàdo, ti píà kò ní mẹ́ta. Ẹbí oníhò mẹ́ta ló kó nǹkan bí ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin gbogbo ewéko olódòdó.

Ṣé o mọ̀ pé ojúoró àti òṣíbàtà, tí wọ́n jọ ń gbé orí omi, kò bára tan tímọ́tímọ́? Eléwé kan ni ojúoró, ìbátan kókò inú àkùrọ̀ ni. Ẹ̀ka òṣíbàtà ti yà lọ kí ẹbí àgbàdo àti ẹbí ẹ̀wà tó pínyà. Èyí tó tún ṣáájú rẹ̀ yà ni Amborella, igi kékeré kan tó jẹ́ pé erékùṣù New Caledonia nìkan ló ti ń hù lágbàáyé.

Àgbẹ̀, ṣé o mọ̀ pé oògùn apakoríko 2,4-D ń pa eléwé méjì, ṣùgbọ́n ó ń dá àgbàdo sí? Bí o bá gbin ẹ̀wà tàbí ẹ̀gẹ́ sáàárín àgbàdo, má fọ́n ọn síbẹ̀ rárá.