Ohun tó gbé Quadri Aruna, ọmọ Ọ̀yọ́, dé ipò kẹwàá lágbàáyé: Bí wọ́n ṣe ń ka póíǹtì nídìí tẹ́nìsì orí tábìlì rèé o

Bí wọ́n bá ń gbá tẹ́nìsì orí tábìlì ládùúgbò, yálà ní Baṣọ̀run n'Ìbàdàn ni o, ní Agbowó ni o, tàbí lẹ́yìn ilé ẹnì kan ní Bódìjà, òfin kan ṣoṣo ló wà níbẹ̀: ẹni tí wọ́n bá ti nà, kó gbé báàtì sílẹ̀ fún ẹlòmíì. Ẹni tó bá ń nà wọ́n lọ ní tiẹ̀, òun ni ọ̀gá, kò sì sẹ́ni tó máa bá a jiyàn títí wọn yóò fi rí ẹni tó máa na òun náà. Ọ̀rọ̀ ọ̀hún ò lọ́jú pọ̀ rárá.

Ṣùgbọ́n tí ọmọ kan bá ti kúrò ládùúgbò, tó ní báàtì lòun fẹ́ fi jẹun, òfin yẹn ò ṣiṣẹ́ mọ́. Láàárín àwọn tó fi eré náà ṣe iṣẹ́, èèyàn lè na ọ̀gá lójú gbogbo ayé, kí orúkọ ọ̀gá ọ̀hún ṣì wà lókè téńté, kí ti ẹni tó nà án sì wà nísàlẹ̀ lọ́hùn-ún. Kì í ṣe ojúsàájú o. Póíǹtì ni wọ́n ń kà.

Ẹ wo ohun tó ṣẹlẹ̀ ní Rabat, lórílẹ̀-èdè Morocco, lọ́dún 2019, nígbà tí wọ́n ṣe ìdíje gbogbo ilẹ̀ Áfíríkà níbẹ̀. Ọmọ Nàìjíríà méjì ló bára wọn dé àṣekágbá àwọn ọkùnrin: Quadri Aruna àti Olajide Omotayo. Aruna ni orúkọ rẹ̀ ti kárí ayé nígbà yẹn, òun sì ni ọ̀pọ̀ èèyàn fọkàn sí. Àfi bí Omotayo ṣe nà án, tó gba wúrà mọ́ ọn lọ́wọ́. Nígbà tí wọ́n wá gbé ìwé ipò àgbáyé jáde lẹ́yìn náà, Aruna ṣì ni wọ́n to síwájú Omotayo, ó sì fi í sílẹ̀ jìnnà réré. Báwo nìyẹn ṣe jẹ́? Ibẹ̀ gan-an lọ̀rọ̀ wà.

ỌMỌ Ọ̀YỌ́ TÓ KỌ́KỌ́ DÉ IBẸ̀

Ọjọ́ 9, oṣù Kẹjọ, ọdún 1988 ni wọ́n bí Aruna nílùú Ọ̀yọ́. Lọ́dún 2014, ó wọ ìpele àwọn mẹ́jọ tó kẹ́yìn nínú ìdíje World Cup tí wọ́n ṣe ní Jámánì, kò sì sí ọmọ Áfíríkà kankan tó ṣe bẹ́ẹ̀ rí. Lọ́dún náà ni ITTF, ìyẹn àjọ tó ń darí eré náà lágbàáyé, fi í ṣe ọkùnrin tó tàn jù lọ nídìí tẹ́nìsì orí tábìlì.

Ọdún méjì lẹ́yìn ìyẹn, ó dé Rio fún ìdíje Òlíḿpíìkì. Ó na Chuang Chih-yuan, ọmọ Taiwan. Ó tún na Timo Boll, ọmọ Jámánì tí gbogbo ayé ń bẹ̀rù, ó sì di ọmọ Áfíríkà àkọ́kọ́ tó dé ìpele àwọn mẹ́jọ ní Òlíḿpíìkì. Ma Long, ọmọ China, ló dá a dúró níbẹ̀, Ma Long náà ló sì gba wúrà nígbẹ̀yìn.

Nígbà tó di oṣù Karùn-ún ọdún 2022, wọ́n gbé ìwé ipò jáde, orúkọ Aruna sì wà ní ipò kẹwàá. Láti ìgbà tí aláyé ti dáyé, ọmọ Áfíríkà kankan ò wọ àárín àwọn mẹ́wàá àkọ́kọ́ rí. Inú gbogbo wa ló dùn. Ṣùgbọ́n kò pẹ́ púpọ̀ tó fi já kúrò níbẹ̀, àwọn kan sì bẹ̀rẹ̀ sí í béèrè pé kí ló dé, ṣé ọmọ náà ò mọ̀ ọ́n gbá mọ́ ni? Ẹni tó bá mọ bí wọ́n ṣe ń ka póíǹtì ò ní béèrè irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀.

BÍ WỌ́N ṢE Ń PÍN PÓÍǸTÌ

Láyé àtijọ́, ẹni tí èèyàn bá nà ni wọ́n máa ń wò. Tí ọmọ kékeré bá na ọ̀gá ńlá, póíǹtì tó pọ̀ lá kó lọ́wọ́ kan. Oṣù Kìn-ín-ní ọdún 2018 ni ITTF yí i padà. Wọ́n ní àwọn ò wo ẹni téèyàn nà mọ́, ibi tó bá dé nínú ìdíje làwọn máa wò. Oṣù yẹn gan-an ni Dimitrij Ovtcharov, ọmọ Jámánì, fò sókè di ẹni àkọ́kọ́ lágbàáyé, tó borí àwọn ọmọ China, nítorí pé ó ti gba ife lóríṣiríṣi ní 2017. Àwọn tó ń wò ó lanu sílẹ̀.

Nígbà tó di 2021, ilé-iṣẹ́ tí ITTF dá sílẹ̀, tí wọ́n ń pè ní WTT, gba ìdíje kiri àgbáyé sọ́wọ́. Ohun tí wọ́n ṣe ni pé wọ́n pín àwọn ìdíje náà sí ìpele-ìpele, bí ìgbà tí wọ́n pín ọjà sí ti kékeré àti ti ńlá. Èyí tó tóbi jù nínú wọn ni Grand Smash, ẹni tó bá gbà á ní póíǹtì 2,000, bákan náà pẹ̀lú ẹni tó bá gba Òlíḿpíìkì tàbí ìdíje àgbáyé. Singapore ni wọ́n ti ṣe àkọ́kọ́ rẹ̀ lọ́dún 2022, owó tí wọ́n sì kó sílẹ̀ fún un jẹ́ mílíọ̀nù méjì dọ́là. Champions jẹ́ póíǹtì 1,000. Star Contender jẹ́ 600, Contender jẹ́ 400, Feeder tó kéré jù sì jẹ́ 125.

Ẹni tó gba ife nìkan kọ́ ló ń rí póíǹtì o. Ní Grand Smash, ẹni tó bá dé àṣekágbá tí wọ́n nà án ní 1,400. Ẹni tó bá dúró sí àárín àwọn mẹ́rin ní 700, àárín àwọn mẹ́jọ ní 350, àárín àwọn mẹ́rìndínlógún ní 175. Bẹ́ẹ̀ náà ni wọ́n ṣe ń gé e nínú àwọn yòókù. Ẹni tó bá dúró sí àárín àwọn mẹ́jọ ní Contender, 70 péré ni tiẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká fi wéra wọn díẹ̀. Ẹni tó bá gba Contender, tó na gbogbo wọn tán pátápátá, 400 ló ní. Ẹni tó lọ sí Grand Smash, tó gbá a dé àárín àwọn mẹ́jọ, tí wọ́n wá nà án kó tó lọlé, 350 ló kó lọ. Ìyàtọ̀ tó wà láàárín wọn ò ju 50 lọ. Ẹ ò rí i pé ibi téèyàn ti ń gbá a ṣe pàtàkì tó iye èèyàn tó nà? Ìdí nìyẹn tí àwọn tó mọ̀ nípa ẹ̀ fi máa ń jókòó ti ìwé ètò ọdún bí oníṣòwò tó ń ṣírò ọjà tó máa ná.

Tí ọdún bá wá pé, kì í ṣe gbogbo ibi téèyàn lọ ni wọ́n ń kà fún un. Mẹ́jọ tó dáa jù nínú èsì rẹ̀ ni wọ́n ń kó jọ. Ẹni tó bá lọ sí ìdíje mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, méje nínú rẹ̀ á ṣòfò. Ṣùgbọ́n ẹni tí kò rówó lọ ju ìdíje mẹ́ta lọ, mẹ́ta náà ni wọ́n máa kà fún un, márùn-ún yòókù á ṣófo. Omotayo gba wúrà ní Rabat lóòótọ́, ìdíje kan nìyẹn. Èsì púpọ̀ ni wọ́n kó jọ fún Aruna.

Ó DÀ BÍ OWÓ ILÉ

Ohun tó ń já orúkọ èèyàn wálẹ̀ lójijì rèé: póíǹtì ò lè ju oṣù méjìlá lọ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Bí owó ilé ló rí. Ẹni tó sanwó ilé lọ́dún tó kọjá, tó ní kò sẹ́ni tó lè lé òun jáde nítorí òun sanwó dáadáa, lanlọ́ọ̀dù máa rẹ́rìn-ín ni. Ọdún ti pé, owó mìíràn ló ń béèrè. Bẹ́ẹ̀ ni ti póíǹtì. Póíǹtì tí ọmọ kan rí gbà lóṣù Kẹta ọdún yìí, tó bá máa fi di oṣù Kẹta ọdún tó ń bọ̀, wọ́n á yọ ọ́ kúrò. Tí kò bá rí òmíràn fi dí i, á já wálẹ̀, kódà bí ẹnì kankan ò tíì nà án láàárín ìgbà náà.

Ìdí nìyẹn tó fi ṣòro fún èèyàn láti dúró sí ipò kẹwàá. Gígun òkè ọ̀hún le, ṣùgbọ́n dídúró síbẹ̀ le jù ú lọ. Ẹsẹ̀ téèyàn bá fi rọ́, àìsàn tó bá gbé e dùbúlẹ̀ fún oṣù mẹ́ta, fìsà tí wọn ò fún un, gbogbo rẹ̀ ló ń hàn nínú ìwé ipò. Ìwé ọ̀hún ò sì ní kọ ìdí rẹ̀ síbẹ̀.

Ohun mìíràn tún wà tí ọ̀pọ̀ èèyàn ò mọ̀. Aruna gbá fún Sporting ní Lisbon, lórílẹ̀-èdè Portugal, ó sì tún gbá fún ẹgbẹ́ Fulda ní Jámánì. Iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ ló ń bọ́ ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó ń gbá tẹ́nìsì orí tábìlì. Ṣùgbọ́n ìfigagbága ẹgbẹ́ sí ẹgbẹ́ bẹ́ẹ̀ kò ní póíǹtì kankan nínú ìtòlẹ́sẹẹsẹ WTT. Ibi tí wọ́n ti ń rí owó oṣù yàtọ̀ síbi tí wọ́n ti ń rí ipò, àárín méjèèjì ni wọ́n sì ń sá kiri.

ÀWỌN KAN TI NÍ ÀWỌN Ò ṢE MỌ́

Kì í ṣe àwọn ọmọ Áfíríkà nìkan ni ọ̀rọ̀ yìí ń dùn o. Fan Zhendong àti Chen Meng, ọmọ China méjèèjì, ni wọ́n gba wúrà ọkùnrin àti ti obìnrin ní Òlíḿpíìkì Paris lọ́dún 2024. Kó tó di pé ọdún náà parí, lóṣù Kejìlá, àwọn méjèèjì kéde pé kí wọ́n yọ orúkọ àwọn kúrò nínú ìwé ipò àgbáyé. Ohun tí Fan sọ ni pé WTT ń bu owó ìtanràn lé ẹni tí kò bá yọjú sí àwọn ìdíje ńlá.  Ọmọkùnrin tó gba wúrà ní kí wọ́n má ka òun mọ́! Lọ́dún 2025, ó lọ gbá bọ́ọ̀lù tábìlì rẹ̀ fún ẹgbẹ́ Saarbrücken ní Jámánì.

TA LÓ MÁA RA TÍKẸ́Ẹ̀TÌ?

Fan ní ibi tó máa lọ. Ti ọmọ tó ń gbá a n'Ìbàdàn, tó fẹ́ dà bí Aruna ńkọ́? Grand Smash kì í gbà ju ọkùnrin 64 lọ sínú ìdíje gan-an, Champions ò gbà ju 32 lọ, ipò ni wọ́n sì fi ń mú èyí tó pọ̀ jù nínú wọn. Ẹni tí ipò rẹ̀ wà nísàlẹ̀ ò ráyè wọ ibi tí póíǹtì ńlá wà, bẹ́ẹ̀ sì rèé, póíǹtì ló máa gbé ipò rẹ̀ sókè. Ibi kékeré ló ti gbọ́dọ̀ bẹ̀rẹ̀, ibi kékeré ọ̀hún sì sábà máa ń wà lókè òkun. Owó ọkọ̀ òfuurufú, owó hòtẹ́ẹ̀lì, owó fìsà, gbogbo rẹ̀ ló máa ná kó tó gbá ẹyin kan ṣoṣo. Bí wọ́n bá sì nà án lọ́jọ́ àkọ́kọ́, póíǹtì tó máa kó bọ̀ wálé ò tó nǹkan.

Ohun tó jẹ́ kí ìdíje Èkó ṣe pàtàkì nìyẹn. Lọ́dún 2023, WTT gbé Contender wá sí gbọ̀ngàn Molade Okoya-Thomas tó wà ní pápá ìṣeré Teslim Balogun, Sùúrùlérè. Wọ́n tún ṣe é níbẹ̀ ní 2024 àti 2025. Póíǹtì 400 wà nílẹ̀ fún ẹni tó bá gba ife, irú 400 kan náà tí wọ́n ń fún àwọn tó gbà á ní Yúróòpù. Ọmọ Ìbàdàn ò nílò fìsà láti dé ibẹ̀. Kó wọkọ̀ ní Iwo Road tàbí ní Challenge, á bọ́ọ̀lẹ̀ l'Ékòó. Àyè tún máa ń wà fún àwọn ọmọ onílé tí ipò wọn ò tíì tó nǹkan. Ṣùgbọ́n ìdíje kan nìyẹn láàárín ọdún kan, mẹ́jọ ni wọ́n ń kà.

Ẹ̀yin òbí tí ọmọ yín ń na gbogbo àdúgbò, àti ẹ̀yin olówó tó máa ń ra jẹ́sì àti ife fún wọn, ife ò burú, ọmọ á yọ̀ ọ́. Ṣùgbọ́n ọmọ tó ti mọ̀ ọ́n gbá, tí kò kúrò nílé, kò sí ibi tí wọ́n máa kọ orúkọ rẹ̀ sí. Tíkẹ́ẹ̀tì mẹ́ta tàbí mẹ́rin lọ́dún sí ibi tí póíǹtì wà lè ṣe fún un ohun tí ife ogún ò lè ṣe. Ìwé ipò àgbáyé ò mọ ẹni tó dáa jù. Ẹni tó wá síbẹ̀ ló mọ̀.