Omi Gbé Ìwé, Kò Gbé Ohùn: Níyì Ọ̀ṣúndáre láti Ìkẹ́rẹ́ dé New Orleans

Àwa onímọ̀ lítíréṣọ̀ Yorùbá kì í sábà ka Níyì Ọ̀ṣúndáre mọ́ àwọn akéwì wa, nítorí pé èdè Gẹ̀ẹ́sì ni ó fi ń kọ ewì. Ìtàn ayé rẹ̀ fi hàn pé ó yẹ kí a tún èrò yìí gbé yẹ̀ wò.

Ìkẹ́rẹ́-Èkìtì ni a ti bí i ní ọdún 1947, nínú ìdílé àgbẹ̀. Ó lọ sí Christ's School ní Adó-Èkìtì, lẹ́yìn náà ó kàwé ní Ìbàdàn àti ní Leeds, kí ó tó gba oyè ọ̀mọ̀wé ní Yunifásítì York, ní ìlú Toronto, ní ọdún 1979. Síbẹ̀, bí ẹ̀kọ́ ti ń gbé e jìnnà sí ilé tó, ilé ni ewì rẹ̀ ń kọjú sí. Nínú The Eye of the Earth (1986), tí ó gba ẹ̀bùn ewì Commonwealth, ó bá àpáta Olósùnta ti Ìkẹ́rẹ́ sọ̀rọ̀ bí ẹni ń bá àgbà sọ̀rọ̀. Ó tún fi ìlù tí yóò máa dún bá ewì náà lélẹ̀. Gẹ̀ẹ́sì kò ní ohùn òkè àti ohùn ìsàlẹ̀ tí ń ya ọ̀rọ̀ sọ́tọ̀ bíi ti Yorùbá. Ìlù ni akéwì fi ń dí àlàfo náà. Etí ni ó kọ ọ́ fún, kì í ṣe ojú nìkan.

Ní ọdún 1997 ó di olùkọ́ ní Yunifásítì New Orleans ní Amẹ́ríkà. Nígbà tí ìjì Katrina jà ní oṣù Kẹjọ, ọdún 2005, omi lé òun àti ìyàwó rẹ̀ wọ òkè àjà, wọ́n sì wà níbẹ̀ ju ọjọ́ kan lọ kí aládùúgbò kan tó gbà wọ́n là. Omi ba ìwé àti àwọn iṣẹ́ àfọwọ́kọ rẹ̀ jẹ́. Ṣùgbọ́n ní ọdún 2011, City Without People jáde: àkójọpọ̀ ewì lórí àjálù náà gan-an.

Iṣẹ́ kù fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wa, pàápàá àwọn tí ó wà ní Adó-Èkìtì, tí Olósùnta kò jìnnà sí. Kí wọ́n túmọ̀ ewì rẹ̀ padà sí Yorùbá, kí wọ́n sì wo ibi tí àwítúnwí àti ìfohunpèèyàn inú rẹ̀ ti bá ewì alohùn wa mu, àti ibi tí kò ti bá a mu. Èsì irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ ni yóò sọ bí a ṣe yẹ kí a ka akéwì yìí, kì í ṣe èdè tí ó fi kọ ọ́ nìkan.