DÌRÁYÀ ÀLÒKÙ ÀTI Ọ̀RỌ̀ WÁRÁŃTÌ: TA NI YÓÒ DÁHÙN?

Ní orúkọ Ọlọ́hun, Ọba Àjọkẹ́ ayé, Ọba Àṣàkẹ́ ọ̀run.

  

Ọ̀rọ̀ ọjà la fẹ́ sọ lónìí. Ẹni tó gbààwẹ̀ láti sààrì títí di ìṣínu, tí omi kò kan ètè rẹ̀, tó wá fi irọ́ tajà ní agogo méjì ọ̀sán, ẹ jẹ́ ká bi ara wa pé kí ló kù nínú ààwẹ̀ ọ̀hún. Ọjà tí a fẹ́ mẹ́nu bà ni àwọn ẹ̀rọ tí àwọn onídìrí àti agẹrun fi ń ṣiṣẹ́: dìráyà, sítímà, kílípà àti bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ, tí ẹnì kan ti lò, tó wá ń tà á fún ẹlòmíràn. Bí ọdún Ìtùnú bá ti ń kanlẹ̀kùn báyìí, ọjà wọn a máa yá gan-an, ìjà ẹ̀yìn rẹ̀ náà sì máa ń pọ̀.

Ẹ jẹ́ ká fi arábìnrin kan ṣe àpẹẹrẹ. Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ gba fírídọ̀mù lọ́wọ́ ọ̀gá rẹ̀, ó gba ṣọ́ọ̀bù kékeré kan ní Ìlaró, ìyá rẹ̀ sì kó àjọ tó ti ń dá láti ọdún tó kọjá, ó fi ra dìráyà tòkúnbọ̀ kan fún un. Ẹni tó tà á ní, "Ìyá, ẹ fọkàn balẹ̀, wáráńtì ọdún kan wà lára ẹ̀." Ó fi ìwé kan tí wọ́n tẹ̀ ní èdè òyìnbó hàn wọ́n. Lọ́jọ́ kẹsàn-án, tí ọdún ku ọ̀la, tí oníbàárà mẹ́fà jókòó tí wọ́n ń dúró, ẹ̀rọ náà rú èéfín, ó sì dákẹ́. Nígbà tí ìyá padà lọ bá ẹni tó tà á, ó ní, "Èmi kọ́ ni mo ṣe é. Ilé iṣẹ́ tó ṣe é ni kẹ́ ẹ lọ bá." Òkè òkun ni ilé iṣẹ́ náà wà. Orúkọ ẹlòmíràn ló sì wà lórí ìwé. Owó àjọ ti lọ, oníbàárà ti lọ. Ta ni yóò dáhùn?

KÍ NI WÁRÁŃTÌ GAN-AN?

Wáráńtì kì í ṣe ohun tó so mọ́ ara ẹ̀rọ bí ìrù ṣe so mọ́ ẹran. Àdéhùn ni. Ilé iṣẹ́ tó ṣe ọjà ló ń ṣèlérí pé bó bá bàjẹ́ láàárín àkókò báyìí, tí kì í ṣe ẹni tó rà á ló bà á jẹ́, àwọn yóò tún un ṣe tàbí kí àwọn pààrọ̀ rẹ̀. Gbogbo àdéhùn ló ní ààlà. Ti wáráńtì sábà máa ń jẹ́ márùn-ún.

Èkíní ni àkókò. Ọjọ́ tí ẹni àkọ́kọ́ rà á ni wọ́n ti ń kà á, kì í ṣe ọjọ́ tí ìwọ rà á. Ẹ̀rọ tó ti ṣiṣẹ́ ọdún mẹ́rin ní Lọ́ńdọ̀nù kó tó wọkọ̀ wá sílé, wáráńtì ọdún kan rẹ̀ ti kú sọ́hùn-ún.

Èkejì ni ẹni tí àdéhùn wà fún. Àwọn ilé iṣẹ́ kan kọ ọ́ pé ẹni tó kọ́kọ́ rà á nìkan ni. Ní Amẹ́ríkà, òfin kan tó ti wà láti ọdún 1975 pín wáráńtì sí méjì: èyí tó bá jẹ́ kíkún gbọ́dọ̀ tẹ̀ lé ọjà náà dé ọwọ́ ẹnikẹ́ni tó bá ni ín láàárín àkókò rẹ̀, ṣùgbọ́n èyí tó bá ní gbèdéke, ilé iṣẹ́ lè ní ọwọ́ ẹni àkọ́kọ́ ló parí sí.

Ẹ̀kẹta ni ibi. Ọ̀pọ̀ wáráńtì kì í ṣiṣẹ́ kọjá orílẹ̀-èdè tí wọ́n ti ta ọjà náà. Ẹ̀kẹrin ni ìlò. Dìráyà tí wọ́n ṣe fún obìnrin kan nínú ilé rẹ̀, tí a wá gbé lọ sí ṣọ́ọ̀bù kó máa gbẹ orí ogún lóòjọ́, ọ̀pọ̀ ilé iṣẹ́ kò ní dáhùn lé e lórí. Ẹ̀karùn-ún ni ọwọ́ tó kàn án. Bí ẹni tí ilé iṣẹ́ kò yàn bá ti tú u, wọ́n lè ní àdéhùn ti já.

Nítorí náà, ẹni tó ń ta àlòkù, tó ń pariwo "wáráńtì wà, wáráńtì wà", tí kò mọ ààlà wọ̀nyí, ohun tí kò sí lọ́wọ́ rẹ̀ ló ń tà. Ànábì wa Muhammad (kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a) sì ti kọ̀ fún sàhábà rẹ̀ Hakim ọmọ Hizam pé kò gbọdọ̀ ta ohun tí kò sí lọ́wọ́ rẹ̀.

ỌMÚ TÍ WỌ́N DÈ

Ẹnì kan lè wá sọ pé, "Bí wáráńtì ilé iṣẹ́ bá ti kú, ọ̀rọ̀ parí nìyẹn." Rárá o. Wáráńtì òyìnbó lè kú, ẹ̀tọ́ tí Ọlọ́hun fún ẹni tó rajà kò bá a kú.

Láyé Ànábì, àwọn kan a máa fi ẹran wọn sílẹ̀ láìfún wàrà rẹ̀ fún ọjọ́ mélòó kan kí wọ́n tó gbé e lọ sọ́jà. Ọmú á kún dẹ̀dẹ̀, ẹni tó fẹ́ rà á á rò pé bó ṣe ń ṣe lójoojúmọ́ nìyẹn. Ànábì kọ ìwà yìí. Ó sì fún ẹni tó ti ra irú ẹran bẹ́ẹ̀ lẹ́tọ̀ọ́ pé bó bá fún wàrà rẹ̀ tí kò tẹ́ ẹ lọ́rùn, kó dá a padà, kó sì fi òṣùwọ̀n dàbínù kan tì í nítorí wàrà tó ti mu. Hádíìsì yìí wà nínú Bukhari àti Muslim. Ẹ ò rí i pé ó gba ti ẹni méjèèjì rò? Ẹni tó rajà rí owó rẹ̀ gbà, ẹni tó tajà náà kò pàdánù ohun tí wọ́n ti lò.

Ẹ̀yin ará, dìráyà tí wọ́n fọ̀, tí wọ́n kùn lọ́dà, tí wọ́n sì mọ̀ pé mọ́tọ̀ inú rẹ̀ ti ń dákú, ọmú tí wọ́n dè náà ni. Èyí tó tún burú jù ni ohun kékeré inú dìráyà tó máa ń já iná nígbà tí ooru bá pọ̀ jù. Bó bá bàjẹ́, àwọn kan a fi wáyà fò ó kí ẹ̀rọ lè ṣiṣẹ́, wọ́n á sì tà á bẹ́ẹ̀. Orí ọmọ ọlọ́mọ ni wọ́n fẹ́ jó yẹn o.

Ti Amẹ́ríkà náà wà níbẹ̀. Iná 120 fólítì ni wọ́n ń lò lọ́hùn-ún, 230 ni tiwa. Ẹ̀rọ agbóoru tí wọ́n ṣe fún 120, bí a bá kì í bọ iná wa láìsí táńsífọ́mà, ooru rẹ̀ á fẹ́rẹ̀ẹ́ di ìlọ́po mẹ́rin, kó tó jó. Ẹni tó mọ̀ tí kò sọ, àbùkù ló fi pamọ́. Ànábì sì ti là á yé wa pé kò tọ́ sí mùsùlùmí láti ta ọjà alábùkù fún arákùnrin rẹ̀ láìṣàlàyé àbùkù náà fún un.

"BÓ ṢE RÍ NÌYẸN, N Ò DÁHÙN O"

Àwọn ọlọ́jà wa gbọ́n. Wọ́n á ní, "Bó ṣe rí nìyẹn, bó bá kúrò níwájú mi, n ò dáhùn o." Ṣé ìyẹn gbà wọ́n là?

Imam Malik, ẹni tí a ń tẹ̀ lé ọ̀nà rẹ̀ ní ilẹ̀ wa, gba ìtàn kan sínú Muwatta. Abdullah ọmọ Umar ta ẹrú kan, gẹ́gẹ́ bí ayé ìgbà náà ṣe rí, ní 800 dírámù, ó sì ní òun kò ní dáhùn fún àbùkù kankan. Ẹni tó rà á wá ní àìsàn kan wà lára rẹ̀ tí wọn kò sọ fún òun. Wọ́n gbé ẹjọ́ dé ọ̀dọ̀ Kàlífà Uthman. Uthman ní kí Abdullah búra pé òun kò mọ̀ sí àìsàn náà nígbà tí òun tà á. Abdullah kò fẹ́ búra, ó gba ẹrú náà padà. Nígbà tó yá, ara ẹrú náà yá, ó sì tà á ní 1,500.

Ẹ̀kọ́ ibẹ̀ ni pé "n ò dáhùn" kò lè bo ohun tí o mọ̀ mọ́lẹ̀. Ohun tí ìwọ náà kò mọ̀ nìkan ló lè bò.

ÒFIN ÌJỌBA ŃKỌ́?

Òfin ìjọba náà kò jìnnà sí èyí. Òfin ààbò oníbàárà ti ọdún 2018, tí Ààrẹ Muhammadu Buhari buwọ́ lù ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 2019, ló rọ́pò ti ọdún 1992. Ó ní kí olówò tó ń ta àlòkù tàbí ohun tí wọ́n tún ṣe fi hàn gbangba pé bẹ́ẹ̀ ló rí. Kó fún oníbàárà ní rìsíìtì. Kí ọjà sì wúlò fún ohun tí wọ́n torí rẹ̀ rà á. FCCPC ni àjọ tó ń gba ẹ̀sùn nípa rẹ̀.

Òfin ọjà títà tí ìpínlẹ̀ Ògùn jogún láti ayé Ẹkùn Ìwọ̀ Oòrùn wà pẹ̀lú. Ó ní ẹni tó ti yẹ ọjà wò kò lè wá fi ẹ̀sùn kan ẹni tó tà á lórí àbùkù tí ojú rẹ̀ yẹ kó rí. Nítorí náà, ẹ là ojú yín kẹ́ ẹ tó sanwó.

Àwa ará bòdà tún ní tiwa. Ẹni tó rajà ní Kútọnu, òfin Nàìjíríà kò lè bá a fa ẹni tó tà á létí nírọ̀rùn. Nígbà tí ìjọba ti bòdà ní oṣù kẹjọ ọdún 2019, Ìdí-Ìrókò kò ṣí padà títí di oṣù kẹrin ọdún 2022. Ẹni tí wọ́n sọ fún ní 2019 pé "bó bá bàjẹ́ láàárín ọdún kan, gbé e padà wá", ibo ló fẹ́ gbé e gbà?

OHUN TÓ YẸ KÁ ṢE

Ẹni tó ń tà: (1) Sọ ọdún tí o ti lò ó àti ohun tó ti bàjẹ́ rí. (2) Tan án lójú ẹni tó ń rà á, kó ṣiṣẹ́ fún bí ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, má kàn jẹ́ kó gbọ́ "fùù" kan. (3) Bí ìwé ilé iṣẹ́ bá wà, fún un pẹ̀lú rìsíìtì àkọ́kọ́, kẹ́ ẹ jọ ka ọjọ́ rẹ̀. Bí kò bá sí, sọ pé kò sí. (4) Bó bá jẹ́ pé ìwọ fúnra rẹ lo fẹ́ dúró fún un ní ọ̀sẹ̀ méjì tàbí oṣù kan, sọ bẹ́ẹ̀, kí o sì mọ̀ pé ọrùn rẹ ló wà.

Ẹni tó ń rà: (1) Mú ẹni tó mọ iná dání. (2) Wo fólítì àti nọ́ńbà ara ẹ̀rọ, kí o rí i pé ó bá ti inú ìwé mu. (3) Ẹ kọ àdéhùn sílẹ̀ níwájú ẹlẹ́rìí. Súrátù Bákárà, áyà 282, ti kọ́ wa ní àkọsílẹ̀ gbèsè àti ẹ̀rí ọjà. (4) Bó o bá rí àbùkù, dáwọ́ dúró, kí o sì tètè sọ. Ẹni tó rí àbùkù tó ń lò ó lọ, ó ti fọwọ́ sí i nìyẹn. (5) Má fi ọwọ́ ara rẹ bà á jẹ́ kó o wá dì í ru ẹlòmíràn. Èrú náà ni.

Ní ti ìyá arábìnrin wa yẹn, ilé iṣẹ́ òkè òkun kọ́ ni yóò dáhùn. Ẹni tó fi ẹnu ara rẹ̀ sọ pé "wáráńtì ọdún kan wà" ni yóò dáhùn, nítorí ọ̀rọ̀ yẹn ló mú kí ìyá tú owó àjọ sílẹ̀. Kó gbà á padà, tàbí kó tún un ṣe, tàbí kí wọ́n jọ jókòó ṣe ìrẹ́jú lórí iye tí àbùkù náà bù kúrò nínú owó rẹ̀. Bí kò bá dáhùn ní Ìlaró, ibì kan wà níwájú tí a kò ti ní sọ pé "ẹlòmíràn ni kẹ́ ẹ lọ bá."

Ànábì wa jẹ́ kó yé wa pé bí olùtà àti olùrà bá sọ òótọ́ tí wọ́n sì ṣàlàyé, Ọlọ́hun yóò fi alùbáríkà sí i. Bí wọ́n bá purọ́ tí wọ́n sì fi nǹkan pamọ́, alùbáríkà á gbéra níbẹ̀. Kí Ọlọ́hun má jẹ̀ẹ́ kí alùbáríkà gbéra nínú ọjà wa. Kó gba ààwẹ̀ wa, kó fún àwọn ọmọ wa tó ń kọ́ṣẹ́ ní iṣẹ́ tó lérè. Àmín.