Houphouët-Boigny: Láti Inú Oko Kòkó Dé Ilé Aṣòfin

Ẹ̀yin ará wa tí ẹ wà ní ìdálẹ̀, kò sí ẹni tí a óò ṣẹ̀ṣẹ̀ máa sọ fún nínú yín ohun tí kòkó ṣe nílẹ̀ Yorùbá. Owó rẹ̀ ni ọ̀pọ̀ bàbá fi rán ọmọ nílé ẹ̀kọ́. Ní ilẹ̀ Côte d'Ivoire, tí ọ̀pọ̀ ọmọ Èjìgbò ti fi ṣe ilé kejì, kòkó yìí kan náà ni ó gbé àgbẹ̀ kan dé ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin ilẹ̀ Faransé ní Paris. Orúkọ àgbẹ̀ náà ni Félix Houphouët-Boigny.

Ìdílé olóyè ni wọ́n bí i sí ní Yamoussoukro, láàrin ẹ̀yà Baoulé. Ọdún 1905 ni ìwé ìjọba kọ pé wọ́n bí i. Ó kọ́ iṣẹ́ ìṣègùn ní Dakar, ó sì jáde ní 1925, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ìjọba Faransé kò ka irú wọn sí ẹgbẹ́ dókítà òyìnbó. Nígbà tí wọ́n gbé e lọ sí Abengourou, níbi tí kòkó ti ṣe dáadáa, ó rí bí àwọn oníṣòwò ti ń rẹ́ àgbẹ̀ jẹ. Ní 1932, ó kọ̀wé sínú ìwé ìròyìn kan, ó sì fi ẹ̀sùn olè kàn wọ́n. Kí ọdún 1940 tó parí, ó ti fi iṣẹ́ ìṣègùn sílẹ̀, ó ti di olóyè àgbègbè rẹ̀, oko kòkó àti ti kọfí rẹ̀ sì ti gbòòrò.

Ṣùgbọ́n ìyà kan wà tí ó ju ti ìrẹ́jẹ lọ, èyí ni iṣẹ́ ipá. Ìjọba ní agbára láti kó ọkùnrin lọ sí ojú ọ̀nà, sí ibi tí wọ́n ti ń la ọ̀nà rélùwéè, àti sí oko àwọn òyìnbó. Ẹ wo àgbẹ̀ tí kòkó rẹ̀ ti pọ́n, tí ó ku kí ó já a, tí àkọ́dà sì dé láti mú un lọ sí oko ẹlòmíràn! Kòkó tirẹ̀ a jẹrà sórí igi. Òyìnbó olóko kì í wá lébìrà kiri, ìjọba ni ó ń kó wọn wá bá a. Nígbà ogun Hitler, iye tí wọ́n ń san fún un lórí irè oko tún ju ti aláwọ̀ dúdú lọ.

Ní oṣù kẹsàn-án ọdún 1944, Houphouët àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ dá ẹgbẹ́ àwọn àgbẹ̀ aláwọ̀ dúdú sílẹ̀. Kí a sọ òótọ́, ẹgbẹ́ àwọn olóko ni, kì í ṣe ti tálákà: ẹni tí oko kòkó rẹ̀ kò bá tó hẹ́kítà 3, tàbí tí ti kọfí rẹ̀ kò tó 2, kò lè wọ̀ ọ́. Àǹfààní ara wọn ni wọ́n ń wá. Ṣùgbọ́n àǹfààní wọn àti ti lébìrà pàdé níbi kan, nítorí pé owó àti ìpín nínú irè ni wọ́n fi ń pe òṣìṣẹ́, wọn kì í fi okùn fà á wá.

Ìbò ọdún 1945 ni ó gbé e wọlé, kì í sì í ṣe wọ́ọ́rọ́wọ́ ni ó wọ̀ ọ́. Ó wá fi Boigny, èyí tí í ṣe àgbò lédè Baoulé, kún orúkọ rẹ̀. Ní ọjọ́ 11 oṣù kẹrin ọdún 1946, òfin tí ń jẹ́ orúkọ rẹ̀ jáde. Òfin kúkúrú ni, ṣùgbọ́n ó fòpin sí iṣẹ́ ipá ní gbogbo ilẹ̀ tí Faransé ń ṣàkóso lókè òkun. Dahomey wà nínú wọn, nítorí náà òfin yìí dé ọ̀dọ̀ àwọn ìbátan wa ní Kétu àti Sákétẹ́.

Ìyókù ìtàn rẹ̀ kò ṣàjèjì. Ó di ààrẹ ní 1960, ó sì wà lórí oyè títí ó fi kú ní oṣù kejìlá ọdún 1993. Àwa ọmọ Nàìjíríà kò gbàgbé pé ó wà lára àwọn tí ó tẹ́wọ́ gba Biafra ní 1968. Ẹgbẹ́ òṣèlú kan ṣoṣo ni ó fi ṣèjọba títí di 1990. Lábẹ́ rẹ̀ ni Côte d'Ivoire di ilẹ̀ tí kòkó rẹ̀ pọ̀ jù lọ láyé, ṣùgbọ́n ìjọba ń dá lára owó àgbẹ̀ dúró gẹ́gẹ́ bí ìgbìmọ̀ tí ń ra irè oko ti ṣe nílẹ̀ wa. Nígbà tí owó kòkó jábọ́ lọ́jà àgbáyé, láti 1989 ni ìjọba àgbẹ̀ yìí gé owó tí àgbẹ̀ ń gbà lórí kílò kan, láti 400 fránkì sí 200.