Màlúù tó rù ló sọ Russell di olókìkí

Àbọ̀ ọ̀rọ̀ là ń sọ fọ́mọlúàbí. Tó bá dénú rẹ̀, á di odindi. Nígbà tí òtútù ń pa màlúù ní Montana, l'Amẹ́ríkà, láàárín 1886 sí 1887, ọ̀gá kan kọ̀wé béèrè bí agbo rẹ̀ ṣe wà. Darandaran kan, Charles Russell, ya màlúù tó rù hangogo nínú yìnyín, tí ìkookò ń ṣọ́. Àwòrán náà ni wọ́n fi ránṣẹ́, òun ló sì sọ Russell di olókìkí.

Títí tó fi kú ní 1926, ó ń ya àwọn Indian onílẹ̀ àti ẹfọ̀n táwọn ọdẹ fẹ́rẹ̀ẹ́ pa tán. Ohun táwọn baba rí, táwọn ọmọ ò bá, inú àwòrán rẹ̀ ló wà.