Kí Ló Dé Tí Fódà Àjùmọ̀lò Fi Ń Kún?

Ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ wa, ṣé ẹ ti fẹ́ fi iṣẹ́ yín sínú fódà àjùmọ̀lò rí, kí kọ̀ǹpútà ní kò sí àyè mọ́? Kò bàjẹ́ o! Lórí server, ìyẹn kọ̀ǹpútà àgbà tó ń tọ́jú fáìlì gbogbo ọ́fíìsì tàbí iléèwé, alámòójútó lè díwọ̀n àyè fún fódà kọ̀ọ̀kan. Oríṣi òdiwọ̀n méjì ló wà lórí Windows Server: "hard" kì í gba fáìlì tuntun bí àyè bá ti tán, "soft" kàn ń kìlọ̀ ni. Bí kò bá sí òdiwọ̀n, fídíò ẹnì kan ṣoṣo lè gba àyè gbogbo wa.

Kí ni ká wá ṣe? Ẹ kó fídíò àti fọ́tò yín sórí fláàṣì. Fáìlì tó bá wà níbẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, ẹ yọ ọ̀kan.

Àmọ́, ẹ ṣọ́ra o! Fáìlì tí ẹ bá pa rẹ́ nínú fódà orí server kì í sábà lọ sínú Recycle Bin kọ̀ǹpútà yín. Ó lọ nìyẹn. Torí náà, ẹ kọ́kọ́ bi ẹni tó ni ín.